Ìwé tó yẹ kí wọ́n ti fi di àkàrà

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà tí mo kọ́kọ́ kà láyé mi, ara bébà àkàrà ni mo ti pàdé ẹ̀. Mi ò ṣàwàdà o. Àárọ̀ Sátidé kan n'Ìbàdàn ni, màámi rán mi lọ ra àkàrà lọ́dọ̀ ìyá kan tó máa ń dín in níwájú ilé kejì sí tiwa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà láyé ìgbà yẹn ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rá ni wọ́n fi ń di nǹkan, ìwé àtijọ́ ni, ìwé ìròyìn, nótì àwọn ọmọ iléèwé, fáìlì ọ́fíìsì, ohunkóhun tí wọ́n bá ti rí rà ní kílò. Bí mo ṣe ń bọ̀ nílé ni mo ń ka ohun tó wà lára bébà yẹn torí èmi àti nǹkan tí wọ́n bá kọ sílẹ̀, a kì í pàdé ká má kíra. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Tracy, ó wà lẹ́wọ̀n, àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ fẹ́ fìyà jẹ ẹ́, òun náà sì ń ro bó ṣe máa bọ́. Ibi tọ́rọ̀ ti wá fẹ́ dùn gan-an ni epo ti mu ún. Ojú ewé méjì péré. Mo jẹ àkàrà tán, mo sá bébà sójú fèrèsé kó gbẹ, kò gbẹ, ẹ̀yin náà mọ epo.

Ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó rí Tracy padà. Dùgbẹ̀ ni, lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì, tó jẹ́ pé wàá bẹ̀rẹ̀ kó o tó lè rí àkọlé ẹ̀ kà. Mo kàn ṣí ìwé kan báyìí ni mo rí orúkọ ẹ̀. If Tomorrow Comes, Sidney Sheldon ló kọ ọ́, ọdún 1985 ló kọ́kọ́ jáde. Mo fi owó ọkọ̀ mi rà á, mo fẹsẹ̀ rìn délé, mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn títí mo fi mọ bí ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ báńkì jẹ́jẹ́ ní Philadelphia ṣe di ògbólógbòó gbájúẹ̀ tó ń lu àwọn olówó ní jìbìtì kiri. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ò kúrò lọ́kàn mi látìgbà yẹn. Ẹnì kan ló ta irú ìwé yìí ní kílò. Ìwé kan náà o, ọ̀kan wà lórí pẹpẹ lọ́dọ̀ ẹlòmíì, èkejì ń mu epo. Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀? Ṣé orí ni àbí èèyàn?

Mo ti wá ń ka ìtàn ìgbésí ayé àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà láti ọdún mélòó kan báyìí, kì í ṣe ìwé wọn nìkan, ohun tí mo sì rí ni pé àwọn ìwé tí gbogbo ayé ń pariwo wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti dé ẹ̀gbẹ́ agbada epo rí. Ẹnì kan ló já a gbà. Ẹni yẹn gan-an, orúkọ ẹ̀ kì í sí lára èèpo ìwé.

Sheldon fúnra ẹ̀, díẹ̀ ló kù kó má kọ ìwé kankan. Chicago ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1917, ọmọ ilé tí ò lówó, ó wá dàgbà bọ́ sí ìgbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tó fi sọ ìtàn ara ẹ̀, The Other Side of Me, tó jáde lọ́dún 2005, pé ọmọ ọdún 17 lòun nígbà tóun ti pinnu láti gba ẹ̀mí ara òun, ni bàbá òun bá já wọlé láìròtẹ́lẹ̀. Bàbá yẹn mú un jáde, wọ́n jọ rìn, ó wá ń sọ fún un pé ayé dà bí ìwé ìtàn, pé kò sẹ́ni tó lè mọ ohun tó wà lójú ewé tó kàn àfi tó bá ṣí i. Èmi tí epo ti mu ojú ewé tó kàn mọ́ lọ́wọ́ rí, nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo ní láti pa ìwé yẹn dé ná. Ọmọ yẹn ló wá dé Hollywood, tó gba Oscar fún fíìmù tó kọ, òun ló ṣẹ̀dá I Dream of Jeannie orí tẹlifísàn, ó sì ti lé lẹ́ni 50 ọdún kó tó kọ ìwé ìtàn àkọ́kọ́, The Naked Face, lọ́dún 1970. Tí bàbá yẹn bá pẹ́ díẹ̀ lọ́nà ni, Tracy ò ní sí, mi ò bá sì ti jẹ àkàrà mi pẹ̀lú àlàáfíà.

(Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń bi mí pé James Hadley Chase ńkọ́. Ẹ má bínú, kì í ṣe ará Amẹ́ríkà. Ọmọ London ni, René Raymond lorúkọ ẹ̀, máàpù àti ìwé tó túmọ̀ èdè àwọn ọmọ ìta Amẹ́ríkà ló ń wò tó fi ń yin gbogbo ìbọn yẹn. Ó lu gbogbo wa ní jìbìtì, ó sì dùn.)

Ó dáa, Stephen King. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tíṣà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama kan ní Hampden, ìpínlẹ̀ Maine, lókè lọ́hùn-ún níbi tí òtútù ti ń gé èèyàn jẹ. Owó oṣù ò tó. Inú irú ilé kan tí wọ́n máa ń fi ọkọ̀ fà ni òun, Tabitha ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn méjì ń gbé, wọ́n ti yọ fóònù kúrò nítorí owó, ìyàwó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta dónọ́ọ̀tì, ọkọ ń dé láti iléèwé kó tó wá jókòó ti táípúráítà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan nípa ọmọbìnrin tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ níléèwé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù, ọmọ yẹn sì ní agbára kan tó fi ń mi nǹkan láìfọwọ́ kàn án. (Nílé wa a ò ní wá orúkọ míì fún un, àjẹ́ ni.) Nígbà tó kọ ojú ewé mẹ́ta, ó rí i pé òun ò mọ nǹkan kan nípa bí àwọn ọmọbìnrin ṣe ń ronú, inú bí i, ó rún bébà náà, ó sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Tabitha ló rí i níbẹ̀. Ó gbọn eérú sìgá kúrò lára ẹ̀, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ, ó kà á. Ó ní òun fẹ́ mọ bó ṣe máa parí, pé ti àwọn ọmọbìnrin yẹn, òun á máa là á yé e.

Ẹ ò rí i bí. Èmi tí mo sá bébà sójú fèrèsé, mo mọ Tabitha bí ẹni mọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.

Ìwé yẹn ni Carrie, 1974. 2,500 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ san fún un, tẹlígíráàmù ni ilé ìtẹ̀wé fi ránṣẹ́ torí fóònù tí ò sí. Nígbà tí wọ́n wá ta ẹ̀tọ́ èyí tí èèpo ẹ̀ jẹ́ bébà lásán, 400,000 dọ́là ni, ìdajì sì jẹ́ tiẹ̀. Orí ẹ̀ kọ́kọ́ dàrú. Ó jáde láti lọ wá ẹ̀bùn gidi ra fún ìyàwó ẹ̀, ọjọ́ Sunday ni, ṣọ́ọ̀bù gbogbo ti tì, ilé ìtajà oògùn kan ló rí, ohun tó ra ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun. Àwa tá a mọ obìnrin, a mọ̀ pé ó ṣì jẹ Tabitha ní nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn kan ò sì rí Tabitha, ara wọn ni wọ́n gba ara wọn sílẹ̀. John Grisham, lọ́yà ní Southaven ní Mississippi, tó tún wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ọ̀hún, òwúrọ̀ kùtùkùtù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló fi ń kọ A Time to Kill. Ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé lé e padà. Èyí tó gbà á lọ́dún 1989 tẹ ẹ̀dà 5,000 péré, Grisham sì fi owó ara ẹ̀ ra 1,000 nínú ẹ̀, ó kó o sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń tà á kiri bí ẹni ń ta ẹ̀wà. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, The Firm jáde, ó parí. Ìwé tí ò sẹ́ni tó rà lọ́jọ́sí, àwọn tó ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ ẹ̀ lónìí ń tà á ní owó ńlá.

Èyí tó máa ń ṣe mí ní nǹkan jù ni ti Harper Lee. Ọmọ Monroeville, Alabama, ìlú kékeré, bàbá ẹ̀ lọ́yà, ó fi iléèwé ìmọ̀ òfin sílẹ̀ ó sì gba New York lọ lọ́dún 1949 torí pé ó fẹ́ kọ̀wé. New York ò mọ̀ pé ó wá kọ̀wé. Iṣẹ́ akọ̀wé tó ń bá àwọn èèyàn ṣètò tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ló rí, ó sì ń fi alẹ́ kọ nǹkan nínú ilé tí ò ní omi gbígbóná. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan wà, Michael Brown tó ń kọ orin, àti Joy ìyàwó ẹ̀. Kérésìmesì ọdún 1956, ó wà nílé wọn, wọ́n ní kó wo ara igi Kérésì, ó bá àpòòwé kan tí orúkọ ẹ̀ wà lára ẹ̀. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fọ́dún kan gbáko, kó kọ ohunkóhun tó bá wù ú, àwọn á máa gbọ́ bùkátà. Nígbà tó ní ṣé wọn ò mọ̀ pé owó lè wọmi ni, Michael ní kò sí ìyẹn níbẹ̀, pé ó dá àwọn lójú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rẹ́ mi kan wà tó yá ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lọ́wọ́ mi kí àrùn Kòrónà tó dé, lójoojúmọ́ ni mò ń rántí. Owó oṣù ọdún kan! Kò sì tíì tẹ ìwé kan ṣoṣo rí!

Ohun tó kọ nínú ọdún yẹn kọ́ ni ìwé tá a mọ̀ o. Ó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé Lippincott, olóòtú kan wà níbẹ̀, obìnrin, Tay Hohoff, òun ló rí i pé ibi tí ọmọbìnrin inú ìtàn yẹn ti ń rántí ìgbà tó wà lọ́mọdé ni ìtàn gan-an wà, pé kó lọ kọ ti ọmọdé yẹn. Ó gbà wọ́n tó ọdún méjì. Wọ́n ní inú bí Lee lóru ọjọ́ kan, ó kó gbogbo bébà yẹn dà síta látojú fèrèsé sínú yìnyín, ó wá ń sunkún pe Hohoff lórí fóònù, ìyá yẹn ní kó lọ ṣà á kíá. Ó ṣà á. To Kill a Mockingbird jáde ní July 1960, ó gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn òǹkọ̀wé ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1961, fíìmù ẹ̀ jáde lọ́dún 1962, wọ́n sì ti ta ju 30 mílíọ̀nù ẹ̀dà lọ. Ìtàn lọ́yà aláwọ̀ funfun tó gbẹjọ́ rò fún ọkùnrin dúdú tí wọ́n purọ́ mọ́, láti ẹnu ọmọbìnrin kékeré tó ń wo ohun tí àgbà ń ṣe. Ìdí tó fi dùn ni ẹnu ọmọdé yẹn. Ìyẹn sì ni ohun tí Hohoff rí.

Mi ò sì ní purọ́ fún yín, kì í ṣe gbogbo bébà ló yẹ kí èèyàn já gbà. Èyí tó kọ́kọ́ kọ yẹn, tí Hohoff ní kó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2015, Go Set a Watchman, ìyá ti di ẹni 89 ọdún, ojú àti etí ò gbé e mọ́, àwọn èèyàn ń jiyàn bóyá ó tiẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó kú ní February 2016. Mo rà á, mo kà á, mo rí Atticus, lọ́yà inú Mockingbird tí mo fẹ́ràn, tó ń bá àwọn tí ò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú rọ́wọ́ mú ṣèpàdé, mo ní hàn-ín, ẹ ò bá ti jẹ́ kó wà níbi tó wà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìyẹn gan-an ni òtítọ́, pé bí àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ ṣe rí nìyẹn. A ò tíì parí ìjà yẹn.

F. Scott Fitzgerald ní tiẹ̀, àwọn sójà ló gbà á. The Great Gatsby, April 1925. Àríyá tí Gatsby ń ṣe nínú ìwé yẹn, ọ̀wàm̀bẹ̀ ni láìsí àníàní, ẹni tí wọ́n pè àtẹni tí wọn ò pè ló ń mu, àwọn tó ń jẹun ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n, ọjọ́ tó kú wọn ò wá. Ìwé yẹn ò tà bó ṣe rò. Wọ́n tẹ ìpele kejì, 3,000 ẹ̀dà, nígbà tí Fitzgerald máa kú ní Hollywood ní December 1940, ọmọ ọdún 44, ọtí ti bà á jẹ́, nínú 3,000 yẹn, ó ṣì kù níbi tí wọ́n kó o pa mọ́ sí. Ọdún 15! Ó kú pẹ̀lú èrò pé òun ò jámọ́ nǹkan kan. Ogun wá dé. Àwọn ilé ìtẹ̀wé Amẹ́ríkà kóra jọ, wọ́n ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ tó lè wọ àpò ṣòkòtò ológun, wọ́n ń fún àwọn sójà lọ́fẹ̀ẹ́, láàárín 1943 sí 1947 ó lé ní 120 mílíọ̀nù ẹ̀dà lápapọ̀. Wọ́n ki Gatsby mọ́ ọn, 155,000 ẹ̀dà. Àwọn ọmọkùnrin tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, tí ò mọ̀ bóyá àwọn máa délé, ni wọ́n kà á. Nígbà tí wọ́n padà délé, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn sí i. Lónìí kò sí ọmọ girama Amẹ́ríkà tí wọn ò fi dá lóró. Èmi fúnra mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kó tó wọ̀ mí lára, ìgbà àkọ́kọ́ mo rò pé àwọn ọlọ́rọ̀ kan kàn ń yọ ara wọn lẹ́nu ni.

Mo fẹ́ fo ti John Kennedy Toole torí kò rọrùn, ṣùgbọ́n tí mo bá fò ó mi ò kọ nǹkan kan.

New Orleans ni wọ́n ti bí i, 1937, ọmọ kan ṣoṣo, ọpọlọ ẹ̀ pé kọjá ààlà. Nígbà tó ń ṣe sójà ní Puerto Rico ló kọ èyí tó pọ̀ nínú A Confederacy of Dunces. Ìtàn Ignatius ni, géńdé ọkùnrin tó sanra, tó kàwé, tó sì ń bá ìyá ẹ̀ gbé, tó ń dé fìlà aláwọ̀ ewé tó bo etí, tó ń bú gbogbo ayé, nígbà tí ìyá ẹ̀ wá lé e jáde kó lọ wáṣẹ́, ó ń ti ọmọlanke kiri ìgboro, ó ń ta hot dog, ó sì ń jẹ ọjà jù bó ṣe ń tà á lọ. Ẹ máa rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi dùn yín. Olóòtú ńlá kan ní New York kọ lẹ́tà sí Toole, ó ní kó tún un ṣe, ó tún un ṣe, wọ́n fi ọdún méjì kọ lẹ́tà síra wọn, ìgbẹ̀yìn ẹ̀ ni pé ìwé náà ò dá lórí nǹkan kan. Toole gbé e sẹ́yìn àpótí. Ọkàn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ní March 1969 ó gba ẹ̀mí ara ẹ̀, ọmọ ọdún 31. Bàbá Sheldon já wọlé, kò sẹ́ni tó já wọlé níhìn-ín.

Ìyá ẹ̀ ló kù, Thelma. Kì í ṣe ìyá jẹ́jẹ́ o, àwọn tó mọ̀ wọ́n ní ọwọ́ ẹ̀ le lórí ọmọ yẹn, pé ó fẹ́ràn ẹ̀ débi tí ò fi lè mí, tẹ́ ẹ bá sì ka Ignatius àti ìyá ẹ̀ nínú ìwé, ẹ máa rí ibi tọ́rọ̀ ti ń ta sí ara. Ìyá yìí rí ìwé yẹn nínú ẹrù ọmọ ẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan, wọ́n dá a padà. Òmíràn, wọ́n dá a padà. Meje. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dá a padà, ó ní ńṣe ló dà bíi pé òun tún kú díẹ̀ sí i. Lọ́dún 1976 ó gbọ́ pé Walker Percy tó jẹ́ òǹkọ̀wé ń kọ́ni ní yunifásítì Loyola nílùú wọn. Ó pè é, ó pè é, ó tún pè é. Ọkùnrin yẹn ń sá. Ìyá wá gbéra lọ bá a ní ọ́fíìsì, ó gbé ìdì bébà fún un, ẹ̀dà kábọ́ọ̀nù tó ti ṣú tí èèyàn ò fẹ́ẹ̀ lè kà. Percy fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ síwájú ìwé náà pé ohun tóun ń gbàdúrà fún ni pé kó burú débi tóun á fi ka ojú ewé díẹ̀, tóun á sì lè fi ẹ̀rí ọkàn tó mọ́ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ka ọ̀kan. Ó ka èkejì. Kò burú. Ó kà á lọ, ó ń rẹ́rìn-ín, kò gbà gbọ́.

Ilé ìtẹ̀wé yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana tẹ ẹ́ lọ́dún 1980, 2,500 ẹ̀dà péré. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Pulitzer. Èrè òkú. Ère Ignatius wà lójú Canal Street ní New Orleans di báyìí, pẹ̀lú fìlà ẹ̀. Tí àwọn èèyàn bá ń sọ pé ìyá yẹn ti le jù, mo máa ń ní ó dáa, ẹ jẹ́ kí ìyá jẹ́jẹ́ kan lọ jókòó ti Walker Percy ká wò ó.

Ti Emily Dickinson ò ní gùn torí akéwì ni, ìwé ìtàn ni mo ní mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ó ti wọ̀ ọ́ jù. Amherst, Massachusetts, obìnrin tí ò fẹ́ẹ̀ jáde nílé bàbá ẹ̀ mọ́. Ó kú lọ́dún 1886, Lavinia àbúrò ẹ̀ wọlé láti palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó ti ṣèlérí pé òun á sun àwọn lẹ́tà, ó sì sun ún. Ni ó bá rí ewì, ó fẹ́ẹ̀ tó 1,800, wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ pọ̀ bí ìwé kéékèèké, èyí tí wọ́n tíì tẹ̀ jáde nínú ẹ̀ nígbà tó wà láàyè ò ju bíi mẹ́wàá lọ. Lavinia ò mọ ewì, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sun nìyẹn. Ẹni tó wá bá a dà á kọ fún títẹ̀, Mabel Todd, àlè ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ni, ìyàwó ilé sì ń gbé ilé kejì sí wọn! Ẹ lè fojú inú wo bí ilé yẹn ṣe gbóná tó. Ìjà yẹn le débi tí àwọn ewì kan fi wà nínú àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Sha, ìwé àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1890.

Ẹni tí mo fi sẹ́yìn, tinútinú ni mo fi fi sẹ́yìn, Zora Neale Hurston. Eatonville ní Florida ló gbé dàgbà, ìlú tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ fúnra wọn, bàbá ẹ̀ ti ṣe olórí ìlú níbẹ̀ rí. Ó kàwé, ó ń lọ káàkiri gúúsù Amẹ́ríkà, ó ń gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà bí àwọn èèyàn wa ṣe ń gba oríkì. Their Eyes Were Watching God, 1937, ọ̀sẹ̀ méje ló fi kọ ọ́ ní Haiti. Janie àti ọkọ mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ ní ṣókí, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́ ọ ní ṣókí, ẹ lọ kà á. Richard Wright tóun náà jẹ́ òǹkọ̀wé dúdú ńlá bú ìwé yẹn, ó ní kò sọ nǹkan kan. Lọ́dún 1950, Zora ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé ẹlòmíì ní Miami. Ó kú ní January 1960 ní Fort Pierce, nílé tí ìjọba ń kó àwọn aláìní sí, àwọn èèyàn dáwó sin ín, kò sí òkúta lórí sàréè.

Lẹ́yìn tó kú, wọ́n ń sun ẹrù ẹ̀. Bébà ẹ̀ ń jóná gbàgbàgbà. Ọlọ́pàá kan ń kọjá lọ, Patrick DuVal, aláwọ̀ dúdú, ó mọ Zora, ó rí èéfín, ó bi wọ́n kí ni wọ́n ń sun, ó sì fa rọ́bà omi, ó pa iná yẹn. Ó kó èyí tó kù lọ sílé. Wọ́n wà ní yunifásítì Florida ní Gainesville báyìí, iná ti jẹ etí àwọn míì nínú ẹ̀. Ọlọ́pàá o! Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n.

Lọ́dún 1973, Alice Walker tóun náà jẹ́ òǹkọ̀wé dúdú wá sàréè yẹn, ó purọ́ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n Zora lòun kí wọ́n lè fi hàn án. Igbó ti kún débi ìbàdí, ó ń bẹ̀rù ejò, ó wá ń kígbe pe Zora láàárín itẹ́ òkú títí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi rì síbì kan tó kòtò. Ó gbé òkúta síbẹ̀. Ọdún ìbí tó wà lára òkúta yẹn, 1901, kì í ṣe òótọ́, 1891 ni wọ́n bí i, Zora ló gé ọdún mẹ́wàá kúrò lọ́jọ́ orí ẹ̀ nígbà tó fẹ́ padà sí girama. Àwa tá a mọ ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù, kí la fẹ́ sọ?

Ìwé kan wà tí Zora kọ tó fi sílẹ̀ lọ tí wọn ò tẹ̀. Lọ́dún 1927 àti 1928 ó lọ bá bàbá arúgbó kan ní Mobile, Alabama, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis. Bàbá yìí wà lára àwọn 110 tí ọkọ̀ Clotilda kó dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1860, nígbà tí òfin ti kà á léèwọ̀ láti 1808. Ìlú ẹ̀ wà lágbègbè Bantè, ilẹ̀ Benin òde òní, ọmọ Yorùbá. Ọmọ ogun Dàhómì ló kó wọn lójijì, wọ́n mú wọn gba Ouidah. Zora ń gbé èso písì àti bàrà wá fún un, wọ́n á jẹ, ọjọ́ míì bàbá ò ní fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á kàn jókòó. Nígbà táwọn tó ń tẹ ìwé ní kó yí ọ̀rọ̀ bàbá padà sí Gẹ̀ẹ́sì tó dán, ó kọ̀. Ìwé yẹn wà níbi ìkówèésí yunifásítì Howard títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 2018, Barracoon.

Orúkọ bàbá gan-an ni Kossola. Òpìtàn Sylviane Diouf ní ohun tó túmọ̀ sí lágbègbè wọn ni pé àwọn ọmọ mi ò kú mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ orúkọ àbíkú, ẹ jókòó ti ìyẹn ná. Ọmọ mẹ́fà ló bí sí Alabama. Gbogbo wọn ló kú ṣáájú ẹ̀.

Ọjọ́ tí Zora dé, orúkọ yẹn ló fi pè é, omi bọ́ lójú bàbá, ó ní kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ tòun tòkè òkun bọ̀ pe òun mọ́ àfi Zora. Nígbà tí Zora fẹ́ ya fọ́tò ẹ̀, ó wọlé lọ wọ kóòtù tó dára jù, àmọ́ ó bọ́ bàtà, ó ní òun fẹ́ kó rí bíi pé Áfíríkà lòun wà, torí ibẹ̀ lòun fẹ́ wà. Ó ní kó ya òun láàárín sàréè àwọn ọmọ òun. Fọ́tò kan ẹ̀ wà lórí fóònù mi, mo fi hàn màámi lọ́jọ́ kan, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, bàbá yìí mà jọ àwọn ará wa o, ẹ pè é ní kí ni?

Mo ní Kossola. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń jí èèyàn.